Q wà lọ́wọ́ mi, U ò sí: kí ni kí n ṣe?

Aránṣọ Ìwó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti àbúrò ọkọ mi la jọ máa ń ta Scrabble, ayò tí a fi ń to lẹ́tà di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí kò bá sí aṣọ tí oníbàárà jókòó tì mí lọ́rùn. N kì í pe orúkọ rẹ̀, wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, Akọ̀wé ni mò ń pè é. Akọ̀wé yìí ń fojú mi rí màbo.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tẹ́ QAT sílẹ̀. Mo pariwo pé irọ́ ni, níbo ni Q ti ń dá rìn láìmú U dání? Ó ṣí díṣọ́nárì inú fóònù rẹ̀: ewé kan ni, àwọn ará Yemen ló ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ẹni ń jẹ obì. Mo gbà fún un. Nígbà tá a tún un ta, èmi ni Q bọ́ sí lọ́wọ́. Mo dì í mú, mò ń retí U. Mẹ́rin péré ni U tó wà nínú àpò, gbogbo rẹ̀ ló sì ti jáde kó tó kàn mí. Akọ̀wé tẹ́ lẹ́tà tirẹ̀ tán, wọ́n yọ 10, iye Q tó kù sí mi lọ́wọ́, kúrò nínú máàkì mi, wọ́n tún kó 10 náà lé tirẹ̀. Máàkì 14 ló fi nà mí. Ẹ ṣírò ó fúnra yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀ kéékèèké tí Q wà nínú wọn láìsí U. Kẹ́ ẹ sọ ìtumọ̀ wọn pẹ̀lú o, torí nílé wa, bí o bá tẹ́ ohun tí o ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n á ní kó o kó o nílẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹ ti ní wọn lẹ́nu, ẹ ò kàn fura ni. Ṣé ẹ rántí kọ́ọ̀fù tí a kọ́ nílé kéú, ق yẹn? Òun ni wọ́n ń fi Q kọ, kò sì bá U da nǹkan pọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó bá wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni Q ti ń dá rìn.

QADI ni adájọ́ ṣàríà. Àwa ará Kúwárà tí à ń gbọ́ Grand Kadi nígbà gbogbo, kò ṣàjèjì sí wa. KADI náà wọlé, bí Q ò bá sí lọ́wọ́ yín. QIBLA ni ibi tí à ń kọjú sí kírun. WAQF ni ilé tàbí ilẹ̀ tí èèyàn yọ̀ǹda nítorí Ọlọ́run, tí ẹnikẹ́ni ò lè tà mọ́. Máàkì 19 ni kó tiẹ̀ tó kan ojú aláwọ̀ tó ń sọ máàkì di ìlọ́po. TALAQ ni kí ọkọ kọ aya (ẹ má tẹ́ ẹ lójú Bàbá o). Àmọ́ NIQAB, ìbòjú àwọn ẹlẹ́hàá! Aránṣọ Ìwó, mélòó lẹ ti rán?

Ẹ má dán IRAQ wò. Orúkọ ìlú ni, wọn kì í gba orúkọ.

Atayò Sùúrùlérè

Ọmọ Ìlọrin fo èyí tó ṣe kókó jù. QI. Lẹ́tà méjì, ó tán. Agbára tó gbé ẹ̀mí ró nínú ara ni àwọn ará Ṣáínà ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ojú tó ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po mẹ́ta, tí I ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé Q síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi I tiyín sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Q di 30, I di 1, lọ́nà méjì, ní ìbú àti ní òòró: 62.

Níbi tí a ti ń ta á, ẹni tí kò bá tíì mọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà méjì méjì tán, 127 nínú Collins, ìwé tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí a lè tẹ́, a kì í fún un ní àga. Lọ́dún 2015, nígbà tí Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, gba ife àgbáyé Scrabble ní Perth, ní Ọsirélíà, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. FELTY, lẹ́tà márùn-ún, wà lára ohun tó tẹ́ níjọ́ náà, máàkì 36. Ẹ kọ́kọ́ bá Akọ̀wé fohùn ṣọ̀kan lórí ìwé tẹ́ ẹ ó máa wò o, torí ìwé ti Amẹ́ríkà kò gba gbogbo ohun tí Collins gbà. Ọba wa wà nínú Collins, OBA, wọ́n kàn ṣí àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni.

Bàbá Tíṣà

Nígbà tiwa, ẹni tó bá tẹ́ QI, ìjà ló ń wá. Bí Q bá tètè bọ́ sí yín lọ́wọ́, tí lẹ́tà méje ṣì wà nínú àpò, ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ mú òmíràn. Ẹ ó pàdánù ìgbà kan, orí yín á sì fúyẹ́.

Aránṣọ Ìwó

Ẹ ṣeun gan-an. Àná, wọ́n múná lọ, a fi àtùpà ta á. B kan wà nílẹ̀, mo fi NIQA ṣíwájú rẹ̀. Akọ̀wé ní Lárúbáwá ni, òun ò gbà. Mo dìde, mo lọ mú níkáàbù ìyàwó Alùfáà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́tí rẹ̀ tán, mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Ó ní aṣọ kì í ṣe díṣọ́nárì. Ó wò ó nínú fóònù, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú pupa, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, ni mo bọ́ sí, 48!

Ó ṣì nà mí ṣá. Z ló kù sí mi lọ́wọ́ nígbà tó parí. Z tí kò tiẹ̀ sí nínú a, b, d wa! Kí lẹ ní fún ìyẹn?

Ọmọ Ìlọrin

ZAKAT, ìyá wa, sàká náà ni. Ẹ máa yọ ọ́ lásìkò.