Ìyàwó mi da omi tútù mi nù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akin ará Leeds
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú ilé kì í ṣe ohun tí ọkùnrin ń gbé síta, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti fẹjọ́ mi sun ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó ti fẹjọ́ mi sun ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó sì ti sọ ọ́ fún òyìnbó tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, nítorí náà èmi náà fẹ́ sọ tèmi.

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni mo ti ń wọ omi tútù láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo ra àgbá ike ńlá kan tó mu èèyàn dé ọrùn, mo gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì ń mí bí Wim Hof ṣe ń kọ́ni, ìyẹn ọkùnrin ará Nẹ́dálándì tí wọ́n máa ń fi hàn nínú yìnyín láìwọ ẹ̀wù. Èèyàn á mí kanlẹ̀ ní ìgbà 30 sí 40, á mí síta, á sé èémí títí ara á fi béèrè fún òmíràn, á wá fa ẹyọ kan sínú, á dá a dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, lẹ́yìn náà á tún un ṣe. Bí mo bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ojú mi máa ń là kedere, inú mi á sì dùn títí di ọ̀sán.

Nígbà òtútù, omi àgbá náà ń tutù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún ni mo ti ń rọ omi sínú àwọn ike áísìkirímù tí mo ń tò sínú fìrísà, kí n lè mú omi náà wálẹ̀ dé dìgírì 6. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìyàwó mi ní ike ọbẹ̀ òun ni. Lóòótọ́, mo kó ike ọbẹ̀ ata méjì jáde lọ́jọ́ kan kí àyè lè gba omi mi, mo sì gbàgbé wọn sórí tábìlì ìdáná di ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀ ẹ́ nígbà náà. Ní Sátidé tó kọjá, kí n tó jí, ó ti da gbogbo omi inú àgbá náà sórí ebè tẹ̀tẹ̀ rẹ̀, ó ní ohun tí òun rí lọ́jọ́ Ẹtì ti tó òun.

Kí ni mo lè sọ fún un kó lè yé e pé ìlera ni mò ń wá? Ṣé ẹnì kankan wà níbí tó ń ṣe é, tí ó sì lè jẹ́rìí sí i?

Ìyá Ìbejì
Ike ọbẹ̀ ata méjì! Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta tàtàṣé nílùú òyìnbó kò ní pe èyí ní ohun kékeré. Àbúrò mi, ìyàwó rẹ ṣe sùúrù púpọ̀, kìkì omi ló dà nù, kò da ìwọ alára nù.

Bàbá Ìkẹ́rẹ́
Ẹ má bá ọkùnrin náà wí. Bàbá tó bí mi lọ́mọ kì í wẹ̀ nílé nígbà ọyẹ́. Kí àkùkọ tó kọ ni yóò ti gbé kàǹkàn rẹ̀ kọ́ èjìká, yóò lọ sódò, èéfín á sì máa rú lára rẹ̀ bó bá ń bọ̀. A ò mọ̀ ọ́n ní aláìsàn títí ó fi ju ẹni 80 ọdún lọ. Òyìnbó kan wá fún un lórúkọ lónìí, ó di ohun tí à ń sanwó kọ́. Omi kò lọ́tàá, ọmọ mi, máa bá tìrẹ lọ.

Nọ́ọ̀sì Títí
Ẹ̀gbọ́n Akin, ẹ kú ìnira. Kí ẹnikẹ́ni tó gbà yín nímọ̀ràn, ó yẹ kí a mọ àwọn nǹkan kan. Ẹni ọdún mélòó ni yín? Ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí wárápá? Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan? Ṣé orí ilẹ̀ lẹ ti ń mí ni, àbí inú omi? Ìṣẹ́jú mélòó lẹ ń lò nínú àgbá náà? Kí sì ni ìyàwó yín rí lọ́jọ́ Ẹtì?

Akin ará Leeds
Ẹ ṣé, Nọ́ọ̀sì. Ẹni ọdún 43 ni mí. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lóṣù tó kọjá, 118 lórí 76 ni. N kò mu sìgá, n kò sì mutí. Bí àwọn kan bá rò pé àròsọ ni ọ̀rọ̀ mímí yìí, kí wọ́n mọ̀ pé ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Radboud ní Nijmegen, Nẹ́dálándì, kọ́ èèyàn 12 ní ọ̀nà yìí, wọ́n sì fi 12 mìíràn sílẹ̀ láìkọ́. Wọ́n wá gún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́ oró kòkòrò tó máa ń fa ibà. Ara àwọn tí wọ́n kọ́ pèsè adrenaline, èròjà tó ń ta ara jí, púpọ̀ sí i, ibà àti ìrora tó bá wọn sì kéré sí ti àwọn yòókù. Ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ajíhìnrere
Arákùnrin mi, ẹ ṣọ́ra. Irú mímí yìí jọ èyí tí àwọn ará Íńdíà ń ṣe, àwọn kan lára wọn sì ń fi í ṣe ẹ̀sìn.

Olúwẹ̀ Adágún
Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló mí èémí sí ihò imú Ádámù, ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀. Èmi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún pẹ̀lú àwọn obìnrin kan ní Scotland, ó ti di ọdún kẹta báyìí, mo sì lè jẹ́rìí pé ó ń gbé ọkàn sókè. Lẹ́yìn tí ìyá mi kú, òun nìkan ni mo ń jí fún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn. Oṣù kẹrin ni, oòrùn ń ràn, mo sì fò wọnú omi bí ẹni wọ odò ní ìlú wa. Ẹnu mi là fúnra rẹ̀, èémí já wọlé, omi sì bá a wọlé. Àyà mi ń lù kìkì, n kò lè dá èémí náà dúró bó ti wù kí n ṣe tó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mike Tipton ti Yunifásítì Portsmouth ti ṣiṣẹ́ lórí èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún: láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30 àkọ́kọ́ ni ìpayà ara yìí máa ń le jù, lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta á rọlẹ̀, kó sì tó rọlẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa ń kú sómi. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ wa pé kí ẹni tó bá já sínú omi tútù fẹ̀yìn léfòó, kó dúró kí èémí rẹ̀ wálẹ̀, kó tó gbìyànjú ohunkóhun.

Ohun mìíràn ni pé ara ṣì ń tutù sí i fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá jáde. Mo ti rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú omi, tí kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀ létí omi. Nítorí náà a kì í nìkan wọ̀ ọ́. Ta ló máa ń dúró tì yín, ẹ̀gbọ́n?

Akin ará Leeds
Kò sẹ́ni tó ń dúró tì mí, aago márùn-ún àárọ̀ ni mò ń wọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni mò ń lò. Àgbá lásán ni, kì í ṣe adágún, ẹsẹ̀ mi sì kan ilẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Títí
Ẹ dáhùn èyí tó wù yín, ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi béèrè ibi tí ẹ ti ń mí. Kì í ṣe àìtó ọ́síjìn ló ń kọ́kọ́ mú kí ara wa béèrè èémí, bí kò ṣe kábọ́nì dayọ́ksáìdì tó ń kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí èèyàn bá mí kanlẹ̀ ní ìgbà 30 tàbí 40, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lé sí i, nítorí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tẹ́lẹ̀; kábọ́nì dayọ́ksáìdì ló gbá jáde. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ á fún, ìka á máa ta ṣínṣín, òòyì á kọ́ni, ẹni tí kò mọ̀ á sì máa pè é ní agbára. Bó bá wá sé èémí, agogo tó yẹ kó lù kò ní tètè lù, ọ́síjìn á máa lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀, títí ojú rẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó dákú lórí bẹ́ẹ̀dì á bẹ̀rẹ̀ sí í mí fúnra rẹ̀, á sì jí. Ẹni tó dákú nínú omi, omi ni yóò mí sínú, ìbáà jẹ́ àgbá, ìbáà jẹ́ òkun. Àwọn tó ń kọ́ni ní ọ̀nà Wim Hof fúnra wọn ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é nínú omi tàbí nídìí ọkọ̀.

Ìyá Ìbejì
Mo tún un béèrè: kí ni ìyàwó rẹ rí lọ́jọ́ Ẹtì?

Akin ará Leeds
Ẹ̀yin èèyàn yìí kò fẹ́ fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo pẹ́ jí, nítorí náà mo dá méjèèjì pọ̀, mo ń mí nínú àgbá kí àkókò má baà lọ. Mo rò pé mo kàn di ojú ni. Ìyàwó mi ní òun wo ìta láti ojú fèrèsé ìdáná, òun rí i tí àgbọ̀n mi ti wọ omi, òun sì sáré jáde wá fa orí mi sókè. Èmi kò pe ìyẹn ní dídákú, nítorí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó ń pariwo.

Ohun tí kò yé e ni pé omi yìí ń ràn mí lọ́wọ́. Láti oṣù kìíní ni itan ọ̀tún mi ti ń ro mí láti oríkèé ìbàdí, mo gbà pé sísáré tí mò ń sáré ló fà á. Bí mo bá ti wọ omi, ìrora náà á kú tán, n kò ní tiro títí di ọ̀sán. Àìsàn kankan kò ṣe mí, àfi ti ẹ̀jẹ̀ SC tí wọ́n ti sọ fún wa láti kékeré, ìyẹn kò sì dà mí láàmú mọ́ láti ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì.

Ìyá Ìbejì
Háà!

Ìyá Tèmítọ́pẹ́
SC kẹ̀! Ọmọ mi obìnrin jẹ́ SS. Ọdún tó pé ọmọ ọdún méje, ilé ìwé mú wọn lọ lúwẹ̀ẹ́, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú a ti gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ń pariwo pé egungun ń jẹ òun. Omi yẹn kò tilẹ̀ tutù tó tìrẹ. Ṣé ìyàwó rẹ mọ̀ pé SC ni ọ́?

Bàbá Ìkẹ́rẹ́
Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Bàbá mi kò ní irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi, má wọ omi náà mọ́.

Nọ́ọ̀sì Títí
Ẹ̀gbọ́n, ó yẹ kí èyí jẹ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ yín. SC kì í ṣe AS. Àrùn fònikú-fọ̀ladìde ni, ọ̀kan lára ẹ̀yà rẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Otútù ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún, ẹ̀jẹ̀ á máa wọ́, ọ́síjìn á jáde lára rẹ̀, àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ bí dòjé, wọn á sì dí ojú ọ̀nà. Sísé èémí náà ń fa ọ́síjìn wálẹ̀, iṣan ọpọlọ sì ti fún nítorí mímí tó ṣáájú rẹ̀. Ohun méjì tí ẹ ń ṣe láràárọ̀, méjèèjì ló ń ti ẹ̀jẹ̀ yín síbi kan náà. NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ kedere pé kí àwọn tó ní àrùn yìí yẹra fún lílúwẹ̀ẹ́ nínú omi tútù.

Ọ̀rọ̀ ìbàdí yẹn ló ń kó ìdààmú bá mi jù. Nínú àrùn yìí, ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí egungun itan mọ́, egungun náà á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Omi tútù ń pa ìrora náà ni, kò wò ó. Ẹ pe ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ yín lọ́la, ẹ sọ fún wọn pé ẹ dákú, ẹ sì ní kí wọ́n ya àwòrán ìbàdí yín. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ojú yín wò pẹ̀lú, nítorí SC a máa ba ojú jẹ́ láìro ẹni. Bí àyà bá ń dùn yín, tí ẹ kò rí èémí mí dáadáa, tí ibà ń mú yín, tàbí tí apá kan ara yín rọ, ẹ má dúró de kílíníìkì, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Akin ará Leeds
Ṣùgbọ́n ìwádìí Nijmegen ńkọ́? Àti ìwádìí kejì tí wọ́n ṣe ní Nẹ́dálándì, níbi tí àwọn èèyàn ti ń parí ìwẹ̀ wọn pẹ̀lú omi tútù, tí pípa iṣẹ́ jẹ nítorí àìsàn sì fi ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù?

Olúwẹ̀ Adágún
Mo mọ ìwádìí yẹn. Àwọn 3,018 ni, ọdún 2016 ló jáde. Pípa iṣẹ́ jẹ ló dín kù, iye ọjọ́ tí ara wọn kò fi yá kò dín. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 sì ṣe wọ́n lóore bí 90 ṣe ṣe, kò sẹ́ni tó wọ àgbá dìgírì 6 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nínú méjèèjì, àwọn tí ara wọn le ni wọ́n mú. Ẹ̀gbọ́n, wọn kò wádìí irú ẹ̀jẹ̀ tiyín.

Akin ará Leeds
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo pe kílíníìkì, wọ́n bínú pé ó ti tó ọdún mẹ́fà tí n kò ti yọjú. Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́bọ̀, wọn yóò ya àwòrán ìbàdí náà. Ìyàwó mi mọ̀ pé SC ni mí, òun ló ń sọ ọ́ láti oṣù kẹsàn-án, n kò fi ìyẹn sínú ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́. Ṣé n kò lè máa mí náà mọ́? Òun ni n kò fẹ́ pàdánù.

Nọ́ọ̀sì Títí
Ẹ bi wọ́n lọ́jọ́bọ̀. Mímí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí àga, bí ìgbà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, láìmí kanlẹ̀ léraléra, láìsé èémí rárá, jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀. Ó ń fi ọkàn balẹ̀, ó sì ń ran ọ̀pọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ríru lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹ wọ ẹ̀wù tó móoru, ẹ mu omi púpọ̀, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi wẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Àwọn ike yẹn ńkọ́?

Akin ará Leeds
Mo ti fọ̀ wọ́n, Mà. Ọbẹ̀ ti wà nínú wọn.