Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí kíkó àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi jáde

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, mo kí yín o. Àwọn ọmọ ọdún 4 sí 5 ni mò ń kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ kan ewé patanmọ́ lẹ́bàá ọgbà wa, tí wọ́n sì rí i bí ó ṣe pa dé wéré, ìbéèrè wọn pọ̀ ju èyí tí àwòrán inú ìwé máa ń fà lọ. Mo fẹ́ máa kó wọn jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti wo ìgbín àti kókó tó ń so mọ́ ara igi. Ṣùgbọ́n ejò àti wèrèpè, tí irun ara èso rẹ̀ máa ń yún ni, ń ba àwọn òbí kan lẹ́rù, wọn kò sì jẹ̀bi. Báwo ni ẹ ṣe ń yẹ ilẹ̀ wò ṣáájú? Ọmọ mélòó ni àgbàlagbà kan lè mójú tó?