Rírí ìtọ́jú gbà: èsì mi sí àbá "ìráàyèsí"

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìbéèrè fún àwọn olùwádìí ètò ìlera bi wá pé kí ni kí àwọn pe ohun tí àwọn olùwádìí náà ń pè ní access. Àwọn fúnra wọn dábàá "ìráàyèsí". Àbúrò wa kan ní "àǹfààní" ti tó, pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíì mú "àrọ́wọ́tó" wá. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, n kò sì rí èyí tó lè dá gbé ọ̀rọ̀ náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí aráàlú ń sọ lójoojúmọ́ ni mo fara mọ́: rírí ìtọ́jú gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ "ìráàyèsí" wò. Inú "ráyè" ló ti wá, "ráyè" sì ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́nu wa tipẹ́. Ẹni tó bá ní "mi ò ráyè" ń sọ pé ọwọ́ òun dí ni. Ẹ wá fojú inú wo olùwádìí tó jókòó ti ìyá kan, tó ka ìbéèrè jáde látinú ìwé: "Ṣé ẹ máa ń ní ìráàyèsí ilé ìwòsàn?" Bí ìyá náà kò bá bi í pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú ohun méjì ni yóò gbọ́: bóyá òun máa ń ráyè lọ, tàbí bóyá wọ́n máa ń gba òun láàyè láti wọlé. Yóò ní "bẹ́ẹ̀ ni", nítorí kò sẹ́ni tó lé e rí. Olùwádìí yóò fàmì sí i, ó di ìbéèrè tó kàn. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ìyá yìí rìn débẹ̀ lóṣù tó kọjá, tí wọ́n ní nọ́ọ̀sì kò sí, tàbí tí wọ́n kọ òògùn fún un tí kò rówó rà. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé, "Nígbà tí ara yín kò yá kẹ́yìn, ṣé ẹ rí ìtọ́jú gbà?" Ìtàn ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, inú ìtàn yẹn gan-an sì ni ohun tí olùwádìí ń wá wà.

"Àǹfààní" ní tirẹ̀ jẹ mọ́ oore. Ẹni tó láǹfààní, ọ̀nà ló là fún un. Ẹni tí kò ní in kò lè bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2000, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ nípa ọrọ̀ ajé, àwùjọ àti àṣà gbé àlàyé rẹ̀ tó jẹ́ ìkẹrìnlá jáde lórí ìlera, ẹ̀tọ́ ni wọ́n sì pè é. Wọ́n ní kí ìtọ́jú wà nílẹ̀, kí ọwọ́ lè tó o, kí ó bá ìwà àti àṣà àwọn tí wọ́n ń tọ́jú mu, kí ó sì jẹ́ ojúlówó. Wọ́n tún tú èkejì palẹ̀: kí wọ́n má ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, kí ibẹ̀ ṣeé dé, kí owó rẹ̀ má kọjá agbára èèyàn, kí ẹni tó bá béèrè sì rí àlàyé gbà. Bí a bá wá túmọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí àǹfààní, a ti bù ú kù.

Mo fẹ́ràn "àrọ́wọ́tó" ju méjèèjì lọ. Àmọ́ bí a bá ní nǹkan wà ní àrọ́wọ́tó mẹ̀kúnnù lónìí, owó rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń rò. Ẹ jẹ́ kó máa bá owó lọ.

Kì í ṣe pé mo kàn fẹ́ fa ọ̀rọ̀ gùn. Àwọn olùwádìí ètò ìlera méjì, Roy Penchansky àti J. William Thomas, ti kọ ọ́ láti 1981 pé ohun tí à ń wá orúkọ fún yìí kì í ṣe ti ilé ìwòsàn nìkan, kì í sì í ṣe ti aláìsàn nìkan. Bí àwọn méjèèjì ṣe bára mu tó ni. Jean-Frederic Levesque àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e síwájú sí i ní 2013. Wọ́n ka ohun márùn-ún tó yẹ kí ètò ìlera jẹ́, wọ́n sì ka márùn-ún mìíràn tí èèyàn fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára láti ṣe. Márùn-ún kejì yìí ló dùn mọ́ mi jù, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe kéékèèké la ní fún wọn nílé: kí ó mọ̀, kí ó wá, kí ó dé, kí ó san, kí ó bá wọn ṣe é. Kí ó mọ̀ pé ohun tó ń ṣe òun gba ìtọ́jú, pé ìtọ́jú náà sì wà. Kí ó lè wá a láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kan. Kí ó dé ibẹ̀. Kí ó san owó rẹ̀ láìta ohun ìní. Kí ó sì lè bá dókítà dá sí ìpinnu lórí ara òun fúnra rẹ̀, kí ó tẹ̀ lé ìtọ́jú náà dópin. Bí a bá sọ wọ́n di ọ̀rọ̀-orúkọ, kò sí èyí tó ṣàjèjì sétí: mímọ̀, wíwá, dídé, sísan, bíbáṣe. Inú "rí gbà" ni gbogbo wọn wà. Ẹni tí ọ̀kan péré já mọ́ lọ́wọ́ kò rí ìtọ́jú gbà, ì báà jẹ́ pé ilé ìwòsàn wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Ẹnì kan ti dábàá "ìtòsí" dípò "dídé". N kò gbà. Ilé ìwòsàn tó wà ní òdìkejì odò wà nítòsí. Bí afárá kò bá sí, kò ṣeé dé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ fún irú ìwádìí yìí kì í fi ka kìlómítà mọ́, àkókò ni wọ́n ń kà. AccessMod, ètò kọ̀ǹpútà Àjọ Ìlera Àgbáyé, máa ń wo ojú ọ̀nà, odò àti òkè kí ó tó sọ iye àkókò tí ìrìn náà yóò gbà. Daniel Weiss àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú ìṣirò yìí fún gbogbo ayé ní 2020. Wọ́n rí i pé mílíọ̀nù 646 èèyàn ni kò lè dé ibi ìtọ́jú láàárín wákàtí kan bí wọ́n tilẹ̀ rí ọkọ̀ wọ̀. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, iye náà di bílíọ̀nù 3.16. Ibì kan náà ni àwọn ilé ìwòsàn wà nínú ìṣirò méjèèjì. Ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ ló yàtọ̀. "Ìtòsí" kò lè sọ ìyẹn fún wa, "dídé" lè sọ ọ́.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àwọn aboyún. Ní 1994, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine ṣàlàyé ohun mẹ́ta tí kì í jẹ́ kí ìtọ́jú tètè kan obìnrin tó wà nínú ewu ìbímọ. Àwọn kan láàárín wa ti ń pè wọ́n ní "ìfalẹ̀ mẹ́ta". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní ẹnì kan ń fi nǹkan falẹ̀, à ń bá a wí ni. Ẹ wò ó: obìnrin kan bímọ lóru, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá. Àwọn ará ilé ń dúró de ọkọ rẹ̀ kó fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbé e lọ. Ìpẹ́ kìn-ín-ní nìyẹn. Wọ́n gbà, ọkọ̀ kò sí, nígbà tí wọ́n máa fi rí ọ̀kan, ọ̀nà ò dára, ìpẹ́ kejì. Wọ́n dé, dókítà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ abẹ mìíràn, ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò fà sí i lára kò sí nílẹ̀, ìpẹ́ kẹta. Ta ló falẹ̀ níbẹ̀? Obìnrin náà kọ́. "Ìpẹ́" ni kí a lò. Ó sọ pé àkókò ti lọ, ó sì fi ẹ̀bi sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣèwádìí rẹ̀.

Lórí "ìkárí", tí àwọn kan nínú wa dábàá fún coverage, ìyẹn bí ìtọ́jú ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn tó nílò rẹ̀ tó, mo wà lẹ́yìn àwọn tó mú un wá, àmọ́ ó fẹ́ àtúnṣe díẹ̀. Nǹkan tó bá kárí lẹ́nu Yorùbá kò ku ẹnì kan. Nítorí náà "ìkárí ìdajì" ta kora. "Ìwọ̀n ìkárí" ni òǹkà lè tẹ̀ lé. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Tanahashi fi hàn ní 1978 bí ìwọ̀n náà ṣe ń dín kù láti ìpele dé ìpele: iye àwọn tí ohun èlò tó fún, iye àwọn tó lè débẹ̀, iye àwọn tó fara mọ́ ọn, iye àwọn tó wá, àti iye àwọn tí ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́ fún. Ẹni tó bá kọ "ìwọ̀n ìkárí" láìsọ ìpele tó ń kà, kò tíì sọ nǹkan kan fún wa.

Kí n yára dáhùn ìbéèrè méjì mìíràn, lórí ohun tí a ó máa pe public health àti planning. "Ìlera aráàlú" ni public health, kì í ṣe "ìlera ìjọba": omi tó mọ́ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni yòówù kó ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. "Ìfètòsí" náà dára fún planning, kò sì yẹ kí ìfètò-sọ́mọ-bíbí dẹ́rù bà wá, ìyẹn ní orúkọ tirẹ̀ ní kíkún.

Òfin tí Julian Tudor Hart, dókítà kan ní Wales, kọ sílẹ̀ ní 1971 náà kò tíì ní orúkọ láàárín wa. Ó ní ibi tí àwọn èèyàn ti nílò ìtọ́jú jù ni ìtọ́jú tó dára ti máa ń ṣọ̀wọ́n jù. Mo dábàá "òfin ìtọ́jú adoríkodò". Ẹni tó ń fètò sí ibi tí ilé ìwòsàn tuntun yóò wà gbọ́dọ̀ lè dárúkọ òfin yìí níwájú àwọn tó ń pín owó.

Èyí tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀ ni "ìtẹ́wọ́gbà". Gbogbo ìwé wa ló ń lò ó fún kí ìtọ́jú bá èèyàn lára mu, àmọ́ ẹni tó ń tẹ́wọ́ ni ó yà síni lójú, bí ẹni pé aláìsàn ni kó gba ohunkóhun tí wọ́n bá fún un. Ohun tí ìwádìí ń béèrè ni pé kí ètò ìlera tún ara rẹ̀ ṣe títí ojú kò fi ní ti ẹni tó bá wá síbẹ̀. "Ìbáramu" ti ní iṣẹ́ mìíràn, "ìbáláramu" sì wúwo lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n ń lò bí wọ́n bá ń sọ ìdí tí wọn kò fi ní padà sí ilé ìwòsàn kan? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu wọn gan-an.