FA Cup: bí wọ́n bá ta ọ̀mì báyìí, ṣé kò sí àtúngbá mọ́ ni?

Ìdí_Tẹlifíṣọ̀n (ìbéèrè)
Ẹ kú ìjókòó o. FA Cup, ìdíje ife bọ́ọ̀lù àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni mo fẹ́ bèèrè nípa rẹ̀. Mo rí i pé bí wọ́n bá ta ọ̀mì, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń yanjú ẹ̀. Ìgbà wo lòfin yẹn bẹ̀rẹ̀? Kí ló sì ń bí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké nínú? Lójú tèmi, pẹnárítì ló yẹ kó dùn mọ́ wọn jù, torí ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ńlá ti lè ṣubú. Ìkejì: bí ẹni tó gbafe bá ti wà nínú Champions League (ìdíje tó ga jù ní Yúróòpù) tẹ́lẹ̀, ta ló ni àyè Europa League (ìdíje kejì) tó so mọ́ ife náà?

Bọ́ọ̀lù_Ni_Mo_Mọ̀
Sáà 2024–25 ni wọ́n yọ àtúngbá (ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì tí wọ́n ń gbá lọ́jọ́ mìíràn bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ ọ̀mì) kúrò, láti ìpele kìíní títí dópin. Bí 90 ìṣẹ́jú bá pé ní ọ̀mì, wọ́n á fi ìṣẹ́jú 15 lọ́nà méjì kún un, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì lè pààrọ̀ ẹnì kẹfà lórí márùn-ún tó ní. Bí kò bá tíì yanjú, pẹnárítì.

Owó ló ń bí wọn nínú. Nínú líìgì, onílé ló ń kó owó ẹnu-ọ̀nà. Nínú FA Cup, bí wọ́n bá ti yọ ìnáwó, tonílé tàlejò ló ń pín in. Ẹ wo Exeter City ní January 2005: wọn ò sí nínú líìgì mẹ́rin òkè nígbà yẹn, gbèsè sì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ta ọ̀mì 0–0 pẹ̀lú Manchester United ní Old Trafford, pápá United, níwájú èrò tó lé ní 67,000, United wá bá wọn nílé, ó fi 2–0 lé wọn jáde. Owó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi san nínú gbèsè. Lónìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọn ì bá gbà.

Akọ̀wé_Pápá
Òótọ́ ni, àmọ́ àtúngbá náà ní wàhálà tirẹ̀. Droylsden àti Chesterfield, ìpele kejì, 2008. Ti àkọ́kọ́, kùrukùru bo pápá, wọ́n dá a dúró lágbedeméjì. Wọ́n tún un gbá, 2–2. Àtúngbá dé, Droylsden ń fi 2–0 léwájú, iná pápá kú. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni Droylsden tó borí pẹ̀lú 2–1, àṣé agbábọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ti fi ìjìyà dá dúró pé kó má gbá wà láàárín wọn. Wọ́n yọ wọ́n kúrò, Chesterfield kọjá. Bí ọjọ́ bá ti ń yẹ̀, orúkọ ẹni tó lè gbá ń yí padà, kí akọ̀wé tún ìwé ìjìyà wò lákọ̀tun ní gbogbo ìgbà.

Ọ̀nà_Wembley
Gègé, ìyẹn ìbò tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó máa bá ẹni gbá, ló kù fún ẹgbẹ́ kékeré. Ní ìpele kẹta, ẹgbẹ́ 44 láti Premier League àti Championship, líìgì méjì tó ga jù, á wọlé bá 20 tó yege nípele kejì, ó di 64. Wọn kì í ya alágbára sọ́tọ̀. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kọ́kọ́ jáde ló ń gbàlejò. Lójú bọ́ọ̀lù, ilé ló dáa. Lójú owó, kí gègé gbé ọ lọ sí pápá ńlá. Marine tó wà ní líìgì kẹjọ láti òkè gba Tottenham lálejò ní January 2021, Kòrónà ti ilẹ̀kùn pápá pa, tíkẹ́ẹ̀tì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tà, ó lé ní 30,000. Tottenham fi 5–0 na wọn, àmọ́ àpò wọn ò gbẹ.

Bọ́ọ̀lù_Ni_Mo_Mọ̀
Mo gbàgbé ìbéèrè kejì. Ẹgbẹ́ tó ga jù lórí tábìlì líìgì lára àwọn tí kò tíì ní àyè Champions League tàbí Europa League ló ni àyè yẹn. Ẹni tó pàdánù àṣekágbá kì í jogún nǹkan kan. Àmọ́ bí ẹni tó gbafe kò bá sí nínú Champions League, òun fúnra rẹ̀ ló ni ín. Ní 2024, Manchester United wà ní ipò kẹjọ, wọ́n fi 2–1 na Manchester City nínú àṣekágbá ní Wembley, wọ́n gba àyè Europa League. Chelsea tó wà ní ipò kẹfà bọ́ sí Conference League, ìdíje kẹta ní Yúróòpù, Newcastle tó ṣe keje padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ìdí_Tẹlifíṣọ̀n
Ẹ ṣeun gan-an. Kí ló wá dé tí Crystal Palace gbafe ní 2025 tí wọn ò rí Europa League?

Ọ̀nà_Wembley
Ìyẹn kì í ṣe òfin FA, àjọ bọ́ọ̀lù àwọn Gẹ̀ẹ́sì; ti UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ni. Ẹni tó ní ìpín nínú Palace nígbà yẹn ní ìpín nínú Lyon, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Faransé, náà, ẹgbẹ́ méjèèjì ò sì lè jọ wà nínú ìdíje kan náà. Wọ́n sọ Palace sí Conference League, Nottingham Forest bọ́ sí àyè wọn.