Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ìpínlẹ̀ mìíràn kó lọ sí Midwest, báwo ni wọ́n ṣe gbà yín?

Ìyá Ìbejì, Minneapolis (láti Houston)

Àbúrò mi kan ní Atlanta ti ríṣẹ́ sí apá ọ̀dọ̀ wa níbí, àtìgbà náà ni kò ti jẹ́ kí n sinmi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n ń fẹ́ àlejò níbẹ̀?" Mo ní ohun tí mo lè sọ fún un, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi nìkan kò tó. Ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ohio, Iowa, Missouri, Kansas, gbogbo agbègbè àárín Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Midwest yẹn. Ẹ má kàn sọ pé "wọ́n dáa" tàbí "wọn ò dáa" o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín gan-an ni kẹ́ ẹ sọ.

Tèmi rèé.

Ọdún mẹ́sàn-án la lò ní Houston. Níbẹ̀, bí o bá sín, ọmọ Yorùbá kan á ní "pẹ̀lẹ́" láti òdìkejì títì. Oṣù kẹwàá ọdún 2018 niṣẹ́ ọkọ mi gbé wa wá sí Minneapolis. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀ ti mọ̀ pé ẹnu òtútù gan-an la kó sí.

Ẹrù kò tíì tán nínú ọkọ̀ tí ìyá àgbà ojúlé kejì fi kanlẹ̀kùn. Páànù ló gbé lọ́wọ́, ooru ṣì ń yọ lára rẹ̀. Hotdish ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà: ẹran lílọ̀, ọbẹ̀ olú inú agolo, ẹ̀wà tútù, wọ́n wá to ànàmọ́ kéékèèké sórí rẹ̀ ní ìlà-ní ìlà bí ẹni to bíríkì. Ata kò débẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ mi jẹ ẹ́ tán pátápátá. Nígbà tí mo dojú páànù dé láti fọ ìdí rẹ̀, mo rí i pé ó fi téèpù lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rín pa mí. Ìyá tèmi náà, ọ̀dà pupa ló fi ń sàmì sídìí ìkòkò rẹ̀, nítorí àwọn tó máa ń yá a lọ síbi ìnáwó.

Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, abọ́ olóúnjẹ kì í padà lófìfo. Mo din àkàrà sínú páànù náà, mo gbé e lọ. Màmá gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúpẹ́, ó bi mí bí mo ṣe ṣe é, ó bi mí léèrè àwọn ọmọ, ó sọ fún mi nípa igi iwájú ilé tí ìjì wó. Bí ogún ìṣẹ́jú la fi dúró síbẹ̀, tí atẹ́gùn ń gbá mi létí, kò ní kí n wọlé! Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé ó jọ pé mo ti ṣẹ obìnrin yẹn. N ò ṣẹ̀ ẹ́ o. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Àwọn fúnra wọn ló máa ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará Minnesota á júwe ọ̀nà ibi gbogbo fún ọ, àfi ọ̀nà ilé tirẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní 2019. Òtútù lọ sí 28 nísàlẹ̀ òdo, ìwọ̀n Fahrenheit. Àwọn tó ń pín lẹ́tà ìjọba pàápàá kò jáde lọ́jọ́ náà. Èmi ní láti lọ síṣẹ́, nítorí nọ́ọ̀sì ni mí, aláìsàn kò sì mọ òtútù. Bátìrì ọkọ̀ ti kú fin-ín. Nọ́ńbà Texas ṣì wà lára ọkọ̀ náà (òfin ní kí ẹni tó bá kó wá pààrọ̀ rẹ̀ láàárín 60 ọjọ́, a ti kọjá ìyẹn, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni). Bí mo ṣe ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́, ọkùnrin kan tí n kò rí rí ti fa ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ dúró níwájú mi. Ó wo nọ́ńbà, ó ní "Texas!", ó mi orí. Ó so wáyà bátìrì tirẹ̀ mọ́ tèmi, ọkọ̀ dáhùn. Nígbà tí mo fi tibi iṣẹ́ dé, bàtà yìnyín mẹ́rin ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa, ti àgbà méjì, ti ọmọdé méjì, àlòkù tó ṣì dáa. Títí dòní n ò mọ orúkọ ọkùnrin yẹn.

Ohun tí mo rí nìyẹn. Ọwọ́ wọn yá, ilẹ̀kùn wọn ló lọ́ra. Kí ni tiyín?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Chicago (láti New York)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà òtútù. Tèmi, àga ni wọ́n fi gbà mí.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ni yìnyín bọ́ mọ́jú. Mo tibi iṣẹ́ dé lálẹ́, kò sí ibi tí mo lè páàkì sí, àfi àyè kan báyìí tó mọ́ tónítóní, tí ẹnì kan gbé àga oníke méjì àti garawa kan sí. Mo ní áà, àwọn èèyàn yìí ń dalẹ̀ sójú títì. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo páàkì. Ìyàwó mi tiẹ̀ ní ọ̀kan nínú àga náà ṣì dáa, kí n gbé e wọlé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé n ò gbọ́ tirẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, n ò rí ọkọ̀ mọ́. Òkìtì ni mo rí. Ẹnì kan ti fi ṣọ́bìrì kó gbogbo yìnyín àyíká padà sórí ọkọ̀ mi, ó wá gbé àga rẹ̀ lé e lórí bí ẹni jọba.

"Dibs" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá kó yìnyín kúrò lójú kan, òun ló ni ibẹ̀ títí tí yìnyín yóò fi yọ́, àga tàbí garawa sì ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ta ló mọ̀! Bàbá tó sin ọkọ̀ mi náà ló jáde wá bá mi hú u. Ó ń kó yìnyín, ó ń bú mi, ó ń ṣàlàyé òfin àga fún mi, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tá a parí, ó fa ọ̀kan nínú àga méjì yẹn lé mi lọ́wọ́. Ó ní tèmi nìyẹn. Mo ṣì ní in nínú gáréèjì.

Apòògùn, Iowa (láti New Jersey)

Ìlú kékeré ni tèmi, a ò pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Kí n tó dé ni wọ́n ti mọ̀ mí. Mo wọ báńkì lọ́jọ́ kejì, obìnrin tó wà nídìí owó bi mí bóyá ọmọ mi ọkùnrin ti rí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó máa dara pọ̀ mọ́. N ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo bí ọmọ ọkùnrin.

Lójú ọ̀nà, gbogbo awakọ̀ tó bá pàdé rẹ ló máa na ìka kan sókè lórí ìdarí ọkọ̀. Ìka kan péré, ìka ìfábẹ̀là. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo rò pé táyà mi ti jò ni, mo dúró lẹ́ẹ̀mẹta láti wò ó. Ìkíni ni. Èmi náà ti ń na tèmi báyìí, ó ti mọ́ra débi pé nígbà tí mo lọ kí àwọn ará ilé ní Newark, mo ń na ìka sáwọn èèyàn, wọ́n ń wò mí bíi wèrè.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ìpínlẹ̀ tí mo ti wá ló bà wọ́n lẹ́rù, kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Wọ́n á ní "Níbo lẹ ti wá?" Mo ní New Jersey. Ojú wọn á ṣú díẹ̀. "Ṣáájú ìyẹn ńkọ́?" Mo ní Nàìjíríà. "Áà, ó dáa!" Ara á wá tù wọ́n. Mo rò pé wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti New Jersey wá á máa sáré lórí títì, á sì máa fọn fèrè ọkọ̀. Wọn ò kúkú parọ́. Mo fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹnì kan tí kò tètè rìn nígbà tí iná di àwọ̀ ewé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ń dúró nídìí káńtà mi, tí wọ́n ń bi mí bóyá àlàáfíà ni.

Ní oṣù kẹjọ, ẹ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín pa. Kì í ṣe nítorí olè. Àsìkò yẹn ni zucchini, èso kan tó jọ kùkúḿbà, máa ń pọ̀ lóko wọn kọjá ohun tí wọ́n lè jẹ, bẹ́ ẹ bá ṣí ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ ó bá a lórí ìjókòó nígbà tẹ́ ẹ bá fi ti ṣọ́ọ̀ṣì jáde. Ìyàwó mi ti fi se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ó jọra, ẹ má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ọdún kẹfà rèé tí mo ti ra ilé mi o, tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ júwe rẹ̀, orúkọ ìdílé tó kọ́ ọ ló ṣì ń dá. Ẹni tó kọ́ ọ ti kú kí n tó dé Amẹ́ríkà. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n òkú ló ni ilé mi.

Tíṣà, St. Louis (láti Maryland)

Mo ti rẹ́rìn-ín títí. Ẹ jẹ́ n wá sọ apá tí kò pani lẹ́rìn-ín.

Ní St. Louis, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi ọ́ ni pé, "Ilé ìwé girama wo lo lọ?" Kì í ṣe yunifásítì, girama. Ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí, mo dá a lóhùn pé Ìbàdàn ni. Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ kò wọ̀ ọ́. Ìgbà tó yá ló yé mi. Ohun tí àwọn àgbà wa ń wá nígbà tí wọ́n bá ní "ọmọ agbo ilé wo ni ọ́?" lòun náà ń wá: àdúgbò tó o ti wá, ìjọ tó o wà, irú owó tó wà nílé yín. Ẹni tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá kò ní agbo ilé. Wọn ò kórìíra rẹ, wọn ò kàn mọ ibi tí wọ́n máa gbé ọ sí.

Ìlú yìí kan náà ni ẹjọ́ Shelley ti bẹ̀rẹ̀. Ìdílé aláwọ̀ dúdú kan tó kó wá láti Mississippi ra ilé sí òpópónà Labadie ní 1945. Àwọn onílé àdúgbò ti fọwọ́ sí àdéhùn láti 1911 pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀, wọ́n bá gbé ìdílé náà lọ sílé ẹjọ́. Ó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, àwọn yẹn sì dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 1948 pé kóòtù ìjọba kankan kò lè fi agbára mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ mọ́. Tí a bá ń sọ pé "wọ́n ń gba àlejò", ẹ jẹ́ ká rántí pé àwọn àlejò kan ní láti gba ìwé ìdájọ́ kí wọ́n tó lè sùn nílé tí wọ́n fowó ara wọn rà.

Tèmi kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé, kọ́kọ́rọ́ ń yọ mí lẹ́nu lẹ́nu ọ̀nà ilé mi, ẹnì kan pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá wò ìwé mi, ó bẹ̀bẹ̀, ó lọ. Ní ọjọ́ kejì, obìnrin òdìkejì títì gbé bísíkíìtì tó yan fúnra rẹ̀ wá fún mi, ó ní ẹ káàbọ̀ sí àdúgbò. Kò sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, èmi náà ò sọ ọ́, àwa méjèèjì sì mọ ẹni tó pè é. Ṣé mo jẹ bísíkíìtì yẹn? Mo jẹ ẹ́. Ó dùn gan-an, inú sì ń bí mi bí mo ti ń jẹ ẹ́.

Onítírélà (Kansas ni ilé, ojú títì ni mò ń gbé)

Tèmi ò gùn. Ìlú Topeka níbí ní Kansas ní tiwọn, owó ni wọ́n fi ń pe àlejò. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní ìparí 2019, ẹni tó bá kó wá ṣiṣẹ́, tó sì ra ilé níbẹ̀, lè gbà tó 15,000 dọ́là. Ọ̀rẹ́ mi kan gbà á. Mo bi í bóyá àwọn ará àdúgbò ti wá kí i. Ó ní bẹ́ẹ̀ni, wọ́n wá bi í bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń fúnni lówó.

Ìyá Ìbejì, ẹ ò parí tiyín o. Ṣé màmá onípáànù yẹn jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé nígbẹ̀yìn?

Ìyá Ìbejì, Minneapolis

Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. George Floyd náà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá pa níbí, Houston ló ti wá sílùú yìí, bíi tiwa. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n pa á ní 2020, tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ń jó, fóònù mi ń dún láti Texas, kí n kó àwọn ọmọ padà. Màmá ojúlé kejì kò pè. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ló fi ránṣẹ́: "Ṣé oúnjẹ wà nílé yín?" Ohun tó mọ̀ ọ́n sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bínú sí i díẹ̀, lẹ́yìn náà mo ní kó bá wa ra mílíìkì.

Onítírélà, mo wọlé. Ó gba ọdún mẹ́ta. Òru ọjọ́ kan ní òtútù 2021, ọkọ màmá yọ̀ ṣubú nínú ilé ìwẹ̀, màmá sì rántí pé nọ́ọ̀sì ni mí. Ó ní kí n má gba iwájú o, kí n gba inú gáréèjì, ibẹ̀ ni àwọn tiwọn ń gbà. Bàbá kò kán. Mo di orúnkún rẹ̀ fún un, a gbé e jókòó, màmá sì ní dandan kí n mu tíì.

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti mú ife. Ẹ̀yìn ife ni mo ti rí àwo tí mo ti ń wá kiri láti ìgbà ọdún Kérésì tó kọjá, tí mo ti fẹ̀sùn rẹ̀ kan ọkọ mi. Ó ti fọ̀ ọ́. Ó sì ti lẹ téèpù mọ́ ìdí rẹ̀, ó kọ orúkọ mi síbẹ̀ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ, lẹ́tà mẹ́ta péré ló tọ̀nà.