Orúkọ wo ló yẹ ká fún ẹgbẹ́ Simion àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Ẹni tó ń túmọ̀ ìròyìn ìdìbò Románíà bèèrè ohun tí a ó máa pe àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú bíi AUR ti George Simion ní Románíà, àwọn tó ń pariwo pé àwọn ló ni orílẹ̀-èdè. Àbá mẹ́ta ló ti wọlé: "ẹgbẹ́ apá ọ̀tún", "ẹgbẹ́ akórìíra àjèjì" àti "ẹgbẹ́ ajàfún-mẹ̀kúnnù". N kò fara mọ́ ọ̀kankan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo "apá ọ̀tún". Lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ẹni tó bá na ọwọ́ òsì sí àgbà ti rí i fín. Bí a bá wá kọ ọ́ pé ọ̀tún ń bá òsì du ìjọba, a ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ ajé wọn gan-an kò sì bá orúkọ náà mu. Ẹgbẹ́ Ataka ti Bùlgáríà, tó wọ ilé aṣòfin ní 2005, fẹ́ kí ìjọba gba àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti tà padà, ohun tí àwọn tí wọ́n ń pè ní apá òsì sábà máa ń béèrè. Níbi tí ilé iṣẹ́ ti kógbá sílé lẹ́yìn tí ìjọba kọ́múníìsì wó ní 1989, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wọ olùdìbò létí.

"Akórìíra àjèjì" ló dùn mí jù. Ó lè bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Faransé mu díẹ̀, níbi tó jẹ́ àwọn tó ṣí wá láti ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń bú. Ṣùgbọ́n ní àwọn orílẹ̀-èdè tó bọ́ lọ́wọ́ ìjọba kọ́múníìsì, ẹni tí wọ́n ń bú kì í sábà jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn Roma, ẹ̀yà kan tí kò pọ̀ níye, ti wà níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Àwọn tó ń sọ èdè Húngárì ní Transylvania, agbègbè kan ní Románíà, kò ṣí kúrò nílé. Àdéhùn Trianon ti 1920, tó gba agbègbè náà lọ́wọ́ Húngárì fún Románíà, ló gbé ààlà kọjá lórí wọn. Nígbà tí Corneliu Vadim Tudor, olórí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, gba ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò nínú ìdìbò ààrẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì tó dojú kọ Ion Iliescu ní Románíà ní 2000, àwọn wọ̀nyí àtàwọn Júù ló ń bú. Ẹgbẹ́ Jobbik ní Húngárì pariwo "ìwà ọ̀daràn àwọn Roma" títí ó fi gba nǹkan bí ìdá 17 ní 2010. Bí àwa náà bá pe àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ ní àjèjì, a ti bá ẹgbẹ́ náà dá ẹjọ́ wọn.

"Ajàfún-mẹ̀kúnnù" ńkọ́? Ẹni bíi Gani Fawehinmi la mọ irú oríyìn bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò yẹ ká fi ta àwọn wọ̀nyí lọ́rẹ nítorí pé wọ́n pe ara wọn bẹ́ẹ̀.

Àbá tèmi ni "ẹgbẹ́ àwa-la-nìlú". Wọ́n ń sọ ọ́ sí àwọn aláṣẹ: ẹ jí ìlú wa gbé. Wọ́n ń sọ ọ́ sí aládùúgbò: ìlú kì í ṣe tiyín. Ohùn méjèèjì wà nínú gbólóhùn kan náà, ẹnu wọn ló sì ti ń jáde. A kò tíì gbà á fún wọn. Ẹnì kan lè ní kí a gé e kúrú sí "onílùú", àmọ́ lórí fóònù tí kò ní àmì ohùn, onílù ni òǹkàwé máa rí.

Ó tún ṣeé lò láìsí "ẹgbẹ́" níwájú rẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì torí pé ìbò wọn kì í dúró sójú kan. Ní Pólàndì, ẹgbẹ́ LPR gba nǹkan bí ìdá 8 ní 2001 àti 2005, ó sì já sí ìdá 1.3 ní 2007. Ẹgbẹ́ PiS tó tóbi jù ú lọ ti gba púpọ̀ nínú olùdìbò rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. A nílò "ìbò àwa-la-nìlú" àti "ọ̀rọ̀ àwa-la-nìlú" láti sọ ìyẹn.

Ibi tí mo ti ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ yín nìyí: ẹgbẹ́ Marian Kotleba ní Slofákíà, tó gba ìdá 8 ní 2016. Kotleba ti wọ aṣọ tó jọ ti ẹ̀ṣọ́ Hlinka rí, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ tó bá ìjọba Násì ṣiṣẹ́ ní Slofákíà nígbà ogun àgbáyé kejì. Lójú tèmi, "alákatakítí" ló yẹ irú wọn, kí a má pa wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn tó kù. Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀, àbí ẹ ní ọ̀rọ̀ tó tún ṣe wẹ́kú jù?