Báwo la ṣe lè dá Ọlọ́run tó ń wá wa lóhùn nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì yìí?

Ẹ kú ààwẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn la ń wá fún ẹgbẹ́ àdúrà wa ní Ìjọ Àgùdà. Ti oúnjẹ yé wa: lọ́jọ́ Eérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere, ẹni ọdún 18 títí dé 59 á jẹ àjẹyó ẹ̀ẹ̀kan péré, láti ọdún 14 lọ sókè, kò sí ẹran.

Àdúrà gan-an ló le. Ọlọ́run ń wọ̀nà fún wa bíi baba ọmọ onínàákúnàá inú Lúùkù 15, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ ṣáá là ń tò kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ètò wa nìyí: láago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan á ka ẹsẹ 20 ìtàn náà sókè jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo wa á sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, láìtọrọ ohunkóhun. Ẹ̀yìn ìyẹn la máa ṣínu, torí béèyàn bá ti jẹ ẹ̀bà tán, oorun ló kù.

Síbẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi dá orin. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń ba àwọn kan lẹ́rù, wọ́n rò pé àdúrà ti tutù ni. Ṣé ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 3, ká máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Kí lẹ sì ń sọ fún ìyá ọlọ́mọ àtàwọn tó ń lo oògùn, tí wọ́n gbà pé àwọn ò nípìn-ín nítorí wọn ò lè gbààwẹ̀?